Mo fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ SS2 lọ wo àwọn yunifásítì Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ibo ni ká kọ́kọ́ yà, ọjọ́ ìdásílẹ̀ wo ni ká sì kọ́ wọn?

Olùkọ́_Ìtàn_Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wẹnlẹ o fún gbogbo ẹni tó wà nílé.

Ilé ẹ̀kọ́ girama wa wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ní táàmù tó ń bọ̀, a fẹ́ kó ogójì akẹ́kọ̀ọ́ SS2 jáde, kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí àwọn yunifásítì tó wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kí ọ̀rọ̀ JAMB tó dé bá wọn. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìrìn àjò fọ́tò lásán. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó dá ibẹ̀ sílẹ̀, ìdí tó fi wà níbi tó wà, àti ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ nìwọ̀nyí. Àwọn àkọsílẹ̀ kò bára mu. Ibì kan ní 1982 ni wọ́n dá ti Àgọ́-Ìwòyè sílẹ̀, ibòmíì ní 2001. Wọ́n ní 1959 ni Babcock, wọ́n tún ní 1999. Ti Ìjagun, TASUED, náà ní ọdún tirẹ̀ tó ń yí padà. Èwo ni kí n kọ́ àwọn ọmọ? Èkejì, ṣé ọjọ́ kan tó fún gbogbo rẹ̀, ọ̀nà wo ni ká sì gbà? Ẹ̀kẹta, ta ni a ń kọ lẹ́tà sí, kí ló sì máa ń ba irú ìrìn báyìí jẹ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ dájú ni kó dáhùn.

---

Ará_Òrù

Olùkọ́ wa, ẹ kú ìrònú rere. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Àgọ́-Ìwòyè, torí òun ni àṣìṣe pọ̀ jù lórí rẹ̀.

Ọdún méjèèjì tí ẹ rí ló tọ̀nà, ohun tí wọ́n ń sọ ló yàtọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ Gómìnà Olábísí Ọnàbánjọ ló dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 7 Oṣù Keje 1982. Ogun State University ni orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn, OSU lẹ́nu gbogbo ayé. Ní 29 Oṣù Karùn-ún 2001, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, ni wọ́n yí i padà sí Olabisi Onabanjo University, tó di OOU. Nítorí náà, ọdún ìdásílẹ̀ ni 1982, ọdún ìsọlórúkọ ni 2001. Ẹ kọ méjèèjì sójú pátákó ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń wá. Àwọn ọmọ máa ń rò pé gómìnà fi orúkọ ara rẹ̀ sọ yunifásítì tó dá sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọnàbánjọ ti kú ní Oṣù Kẹrin 1990, ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oníròyìn ni kó tó di gómìnà, pé Ayékòótọ́ ni orúkọ tó fi ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn, àti pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá 1979 ló gorí àlééfà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN. Ìjọba ológun ló lé wọn kúrò ní ìparí 1983. Ẹ wò ó pé yunifásítì náà kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ẹni tó dá a sílẹ̀ bọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Èyí ló yẹ kí àwọn ọmọ gbé yẹ̀ wò: kí ló ń mú kí ilé ẹ̀kọ́ dúró nígbà tí ìjọba tó bí i bá ti lọ?

Ìkejì: ẹni tó bá rí OSU lórí ìwé ẹ̀rí àgbàlagbà kan lónìí lè rò pé Ọ̀ṣun ni. A kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ títí di 1991, UNIOSUN sì ni wọ́n ń pe yunifásítì tiwọn. OSU ayé àtijọ́, Ògùn ni. Àwọn òbí àwọn ọmọ yín kan á wà nínú àwọn tó jáde ṣáájú 2001, tí orúkọ àtijọ́ wà lórí ìwé ẹ̀rí wọn. Ìwé náà kò di aláìwúlò. Bí ọ́fíìsì kan lókè òkun bá bi wọ́n pé yunifásítì wo nìyí, lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ láti ọ́fíìsì rẹ́jísírà tó sọ pé ọ̀kan náà ni OSU àti OOU ni wọ́n máa ń béèrè fún. Kí wọ́n tọrọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ transcript nígbà kan náà. Bí wọ́n bá dúró dìgbà tí òkè òkun bá bi wọ́n, gbèdéke á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Gíwá àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n John Olúbí Ṣódípọ̀, tó ti Ifẹ̀ wá. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ni. Òun àti Barry Hallen ló ṣe iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn wa lórí bí Yorùbá ṣe ń wo ìmọ̀, iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé ṣì ń jiyàn lé lórí dòní. Ẹ má fo orúkọ yìí. Àwọn ọmọ mọ orúkọ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ jókòó kó ilé ẹ̀kọ́ náà jọ, bóyá la lè rí ọ̀kan nínú ogójì tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ Kábíyèsí náà wà níbẹ̀. Ìjọba Ọnàbánjọ náà ló yọ Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà lóyè, kí Kábíyèsí tó padà sórí ìtẹ́ lẹ́yìn tí ológun dé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nínú yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Ọnàbánjọ yẹn gan-an ni Kábíyèsí dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ lórí ìṣàkóso ìlú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Olúkòtún ló jókòó lórí rẹ̀ títí ó fi kú ní 2023. Kábíyèsí, tó jọba láti 1960, wàjà ní Oṣù Keje 2025. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní ìtàn òṣèlú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tó ń jẹ́ orúkọ Kábíyèsí ní Àgọ́-Ìwòyè, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì fún wọn.

---

Ọmọ_Ìjagun

Ará_Òrù ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Èmi á mú ti ẹ̀gbẹ́ ilé yín níbẹ̀.

Táí Ṣólàrìn kọ́ ló dá TASUED (Tai Solarin University of Education), yunifásítì Ìjagun, sílẹ̀. Ó kú ní 27 Oṣù Keje 1994. Ìjọba Gbénga Dáníẹ̀lì ló sọ ibẹ̀ di yunifásítì ní Oṣù Kìíní 2005, yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti ìpínlẹ̀ ti wà ṣáájú, láti ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n sì ti fi orúkọ Ṣólàrìn sọ ọ́. Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kò parẹ́ nígbà tí yunifásítì dé. Ó kó lọ sí Ọ̀mù, ó ń jẹ́ TASCE (Tai Solarin College of Education), yunifásítì dúró sí Ìjagun. Lẹ́yìn náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀mù tún gba orúkọ Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà. Torí náà bí ọmọ kan bá sọ pé "ìyá mi lọ sí Tai Solarin", ẹ bi í pé ọdún wo, àti pé NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì) ni tàbí digírì. Ìdáhùn méjèèjì yẹn ló máa sọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti kàwé.

Ẹ fi 2012 kún un. Ìjọba Amósùn kéde pé òun á da TASUED pọ̀ mọ́ OOU, ariwo sọ, wọ́n sì yí ìpinnu náà padà. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbà á lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ó sì di Tai Solarin Federal University of Education. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan fún SS2 yín. Ọmọ tó bá fẹ́ yàn án nínú JAMB, kó wá a lábẹ́ orúkọ tuntun àti lábẹ́ àwọn yunifásítì àpapọ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san nígbà tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, kó má fi díwọ̀n tirẹ̀. Kó wo ojú òpó ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Ní Ìjagun, ẹ má rìn kiri jù. Ibi méjì tó: gbọ̀ngàn kan tí ẹ ti lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àti ilé ìkàwé. Kí ẹ sì bẹ olùkọ́ kan níbẹ̀ kó ṣàlàyé ohun kan fún wọn kedere: ẹ̀kọ́ Kẹ́mísìrì ní yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ Kẹ́mísìrì pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìdánrawò níwájú kíláàsì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń yàn án láìmọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá máa wá ọ̀nà àtisá ní ọdún kejì.

---

Akọ̀wé_Rẹ́mọ

Ẹ kú àlàyé. Kí n tó sọ̀rọ̀ Ìlíṣàn, ẹ jọ̀wọ́, Olùkọ́, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé Ìlíṣàn, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù jẹ́ "Ìjẹ̀bú" o. Rẹ́mọ ni. Awùjalẹ̀ ni olórí ọba lọ́hùn-ún, Akárìgbò ni níbí. Bí olùkọ́ bá sọ ọ́ níwájú ẹni tó gbà yín lálejò ní Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ tó kù lọ́jọ́ yẹn á ti bàjẹ́.

Babcock: ọdún méjì tí ẹ rí náà tọ̀nà. Ìjọ Adventist bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ sí Ìlíṣàn ní 17 Oṣù Kẹsàn-án 1959, Adventist College of West Africa ni wọ́n pè é, akẹ́kọ̀ọ́ méje ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n sì wá kọ́. Ní 1975 ó di Adventist Seminary of West Africa. Ní 1999 ìjọba àpapọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ, ó di Babcock University. Mẹ́ta péré ni àwọn yunifásítì aládàáni tó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dún yẹn: Babcock, Igbinedion ní Okada, àti Madonna. Ọ̀kan nínú mẹ́ta wà ní Rẹ́mọ.

David Babcock tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, òyìnbó Amẹ́ríkà ni, kò sì dá ilé ẹ̀kọ́ Ìlíṣàn sílẹ̀ rárá. Òun ni ajíhìnrere Adventist tó wá sí Nàìjíríà ní 1914, Èrúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn ló tẹ̀dó sí. Bákan náà ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọn ń jẹ́ orúkọ Ben Carson, dókítà ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ẹ rí i bí àwọn orúkọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀: yunifásítì ìpínlẹ̀ gba orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, ti ìjọ gba orúkọ àwọn ọmọ ìjọ, bí wọn kò tilẹ̀ gbé ní Ìlíṣàn rí.

Nǹkan mẹ́ta tó máa ń da àlejò rú ní Babcock.

Àkọ́kọ́, ọjọ́. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀ ní Sátidé, Ọjọ́ Ìsinmi wọn ni. Ọ́fíìsì kò ní ṣí, wọn kò sì ní mú yín rìn kiri. Ọ̀sán Jímọ̀ pàápàá kò dáa, torí gbogbo ènìyàn ti ń múra. Mọ́ńdè sí Tọ́sídè ni kí ẹ wá, ó sàn kó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Ìkejì, aṣọ. Yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ kò bá ìlànà wọn mu. Kí àwọn ọmọ wọ yúnífọ́ọ̀mù, kí àwọn olùkọ́ obìnrin yọ yẹtí sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu géètì. Ẹ sọ ọ́ fún wọn láti ilé. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ṣọ́, ìtìjú ni.

Ìkẹta, oúnjẹ. Ilé oúnjẹ wọn kì í sè ẹran. Ẹ má kó jọ̀lọ́ọ̀fù ẹlẹ́ran wọ inú ọgbà wọn láti jẹ níbẹ̀, kí ẹ má sì mú ọtí tàbí sìgá wọlé bó ti wù kó rí, awakọ̀ náà ń gbọ́ o.

Lẹ́yìn Ìlíṣàn, Ìkẹ́nnẹ́ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú ọkọ̀. Ẹ má fò ó. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (6 Oṣù Kẹta 1909), ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà ni Táí Ṣólàrìn (20 Oṣù Kẹjọ 1922). Ìlú kékeré kan ló bí orúkọ tó wà lára yunifásítì Ifẹ̀, orúkọ tó wà lára yunifásítì Ìjagun, àti orúkọ tó wà lára kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Ṣàgámù. Ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tí Ṣólàrìn àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá sílẹ̀ ní 27 Oṣù Kìíní 1956 ṣì wà níbẹ̀. Kó tó dá a sílẹ̀, òun ni ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti 1952. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí kò fara mọ́ kí wọ́n máa fi àdúrà àti ẹ̀sìn ṣe dandan nílé ẹ̀kọ́. Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti kúrò, Ìkẹ́nnẹ́ ló padà sí. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì ní Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọ tó bá gbọ́ èyí kò ní ka orúkọ ara géètì bí orúkọ lásán mọ́.

---

Awakọ̀_Gáréèjì_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́, ọ̀nà ni kí n sọ.

Ọjọ́ kan kò gba gbogbo rẹ̀. Ẹ pín in sí méjì: ọjọ́ Ìjẹ̀bú, ọjọ́ Rẹ́mọ. Ọgbà OOU tó wà ní Ayétòrò, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ilẹ̀ Yewa ni. Ti Ìbógun, ti ẹnjinníà, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni. Wọn kò sí lọ́nà yín rárá. Ẹ kàn sọ fún àwọn ọmọ pé yunifásítì náà tàn ká ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, kí ẹ fi wọ́n hàn lórí máàpù.

Ọjọ́ Ìjẹ̀bú: ẹ gbéra ní aago méje, ẹ yà ní Ìjagun, ẹ kúrò ní bíi aago mẹ́wàá. Ẹ padà wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gba Òrù lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ lo ọ̀sán níbẹ̀, kí ẹ gba ọ̀nà Òrù kan náà padà. Aago mẹ́rin, ẹ ti wà nílé.

Ọjọ́ Rẹ́mọ: ẹ gba títì ńlá tó lọ sí Ṣàgámù, ẹ yà sí Ìlíṣàn, ẹ kọjá sí Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹ fi Ṣàgámù kádìí rẹ̀ bí wọ́n bá gbà yín. Ọ̀nà kan wà tó já láti Ìlíṣàn sí Àgọ́-Ìwòyè. Ó máa ń wu olùkọ́ kó fi so ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ má gbà á láìbéèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná an lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, pàápàá nígbà òjò. Ọ̀nà tó dára ní Oṣù Kejì lè gbé bọ́ọ̀sì Coaster hánu ní Oṣù Kẹfà.

Ogójì ọmọ àti olùkọ́ mẹ́rin: Coaster méjì. Ẹ má fi ọkọ̀ kan kó wọn ní ìlọ́po. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìkejì á kó wọn síbi tó láàbò. Kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ fi táyà sípíà àti jáàkì hàn yín. Ẹ má gbà bó bá ní "ó wà nílé". Lójú títì Ṣàgámù sí Benin, àwọn ọkọ̀ àjàgbé pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà náà. Ọjọ́ kẹta Iléyá, Ojúde Ọba ni. Ẹni bá wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà, àfi kó fẹsẹ̀ rìn. Nígbà Agẹmọ ní Oṣù Keje, tí àwọn Agẹmọ bá ń lọ sí Ìmọ́sàn, obìnrin kò gbọdọ̀ rí i lójú ọ̀nà. Ẹ ní ọmọbìnrin nínú ọkọ̀, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò ní ọjọ́ àti ọ̀nà tí wọ́n á gbà. Orò náà wà ní àwọn ìlú Rẹ́mọ, wọ́n sì máa ń kéde rẹ̀.

---

Olùkọ́_Ìtàn_Òde

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Èyí ju ohun tí mo retí lọ. Ọjọ́ méjì náà á dára. Ó ku ti Ṣàgámù àti ti lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sọ pé ìṣègùn làwọn fẹ́ kà, wọ́n á fẹ́ wọ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ wò. Ṣé ó ṣeé ṣe?

---

Ìyá_Ẹ̀kọ́_Ṣàgámù

Olùkọ́, ẹ kú akitiyan lórí àwọn ọmọ wa.

Ẹ kọ́kọ́ tún orúkọ ṣe fún wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tó wà ní Ṣàgámù ń jẹ́ Obafemi Awolowo College of Health Sciences. Apá kan OOU ni. Kò bá Obafemi Awolowo University ti Ifẹ̀ tan ju orúkọ lọ. Ọdọọdún ni ọmọ máa ń kọ èyí pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ wá kàwé ìṣègùn sí Ṣàgámù, OOU ló máa yàn nínú JAMB, kó má yan Ifẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní OOUTH, 1986 ló bẹ̀rẹ̀ bí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ogun State University Teaching Hospital ni nígbà náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ọgbà ní Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú, kì í ṣe Ṣàgámù nìkan.

Lórí wíwọlé: ẹ má gbìyànjú àtikó ogójì ọmọ wọ wọ́ọ̀dù. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀, àrùn sì ń ràn. Ẹ má béèrè yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀yà ara òkú rárá, ọmọ SS2 kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n lè gbà ni pé kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kan pàdé yín ní gbọ̀ngàn ìkọ́ni kó sọ ọdún tí ẹ̀kọ́ náà ń gbà àti àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yege nínú WAEC. Lẹ́tà ti ilé ìwòsàn, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ni ẹ ó kọ ọ́ sí. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì yàtọ̀ sí i. Bí ẹ bá fi ọ̀kan ránṣẹ́, tí ẹ rò pé ó ti tó fún méjèèjì, wọ́n á dá yín dúró lẹ́nu géètì.

Fún àwọn yunifásítì, rẹ́jísírà ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ ṣe ẹ̀dà fún ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olórí ẹ̀ṣọ́. Ìwé tó ní orí ilé ẹ̀kọ́ yín ni kí ẹ lò, kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i. Ẹ kọ sínú rẹ̀: ọjọ́ àti wákàtí, iye ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, orúkọ àti nọ́ńbà olùkọ́ tó ń darí wọn, nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì, àti ibi tí ẹ fẹ́ dé gan-an. "A fẹ́ wo yunifásítì" kò tó. Ẹ kọ "ilé ìkàwé, yàrá ìwádìí Bàọ́lọ́jì kan, ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀lú ẹni tó lè sọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́". Lẹ́tà tó sọ ohun tó fẹ́ rọrùn láti fọwọ́ sí. Ẹ gbé e lọ fúnra yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni kí ẹ mú dání lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì lè máà mọ ohun tí ọ́fíìsì rẹ́jísírà gbà. Ẹ tún pè ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bá daṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀, òfìfo ọgbà lẹ máa rí, bí lẹ́tà tilẹ̀ wà lọ́wọ́.

---

Ará_Òrù

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Màmá sọ. Kí n fi iṣẹ́ tí àwọn ọmọ á ṣe kún un, kí wọ́n má lọ dúró bí ère.

Ẹ fún ọmọ márùn-ún-márùn-ún ní ìwé kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá òkúta ìfilọ́lẹ̀ lára ilé mẹ́ta. Kí wọ́n kọ orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ ń jẹ́ lórí rẹ̀, ẹni tó ṣí i, ipò tó wà nígbà náà, àti ọjọ́. Ilé tí òkúta rẹ̀ bá ní Ogun State University, ó ti dúró ṣáájú 2001. Kí wọ́n fi ọjọ́ náà wé ẹni tó jẹ́ gómìnà lọ́dún yẹn. Níbi tí òkúta bá ti parẹ́ tàbí tí wọ́n kun ọ̀dà lé e, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má méfò. Ọgbà méjì ló wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀kan láàárín ìlú tí wọ́n ń pè ní mini campus, àti ọgbà àgbà lẹ́yìn ìlú. Ẹ pín àwọn ẹgbẹ́ sí méjèèjì, kí wọ́n wá fi ọjọ́ tí wọ́n rí wé ara wọn nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà. Ẹ gba àṣẹ kí wọ́n tó ya fọ́tò, pàápàá níwájú ilé ìṣàkóso.

---

Ọmọ_Ìjagun

Ẹ jẹ́ kí n fi Hallmark University kún un, ní Ìjẹ̀bú-Ìtẹ̀lé. Aládàáni ni, 2015 ló gba àṣẹ. Bí Ìjagun bá tètè parí, ẹ lè bèèrè bóyá wọ́n á gbà yín, àmọ́ lẹ́tà tirẹ̀ náà lọ́tọ̀ ni o. Kí ẹ tó sọ fún àwọn òbí pé ẹ ń lọ, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbàláàyè, kí wọ́n kọ àìsàn tí ọmọ wọn ní àti oògùn rẹ̀ síbẹ̀. Ikọ́ fée àti fọ̀níkú-fọ̀ladìde ni ẹ máa rí jù. Ọmọ tó bá ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde, omi tó tó àti ìjókòó níbi tí òjìji wà ni kí ẹ fún un. Ẹ má jẹ́ kó bá àwọn yòókù rìn yí ọgbà àgbà Àgọ́-Ìwòyè po nínú oòrùn ọ̀sán. Kó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe mini campus, ibẹ̀ kò fẹ̀.